Fi Èémí Rẹ Pamọ́: Ọ̀rọ̀ fún Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tó Fẹ́ Sá Márátọ́ọ̀nù



  

Lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan, arákùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún eré ẹlẹ́mìí-ẹṣin ti Èkó, èyí tí wọ́n ń pè ní márátọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n ọkàn òun kò balẹ̀. Ṣé kì í ṣe eré àwọn aláìníṣẹ́ ni? Ṣé ó bá ẹ̀sìn mu kí ènìyàn fi òwúrọ̀ tí ó yẹ kí ó fi ka Àlùkùránì sáré kiri títì? Bí kò bá sì sí ohun tó burú níbẹ̀, báwo ni ènìyàn ṣe ń múra sílẹ̀ fún un? Oṣù méjì péré ni ó kù kí wọ́n sá a. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni mo kọ́kọ́ dáhùn lójú ẹsẹ̀: oṣù méjì kò tó. Ìyókù ni mo ṣèlérí pé n óò kọ sínú ìwé ìròyìn wa yìí, nítorí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ lọ́kàn.

Kí n tó wí ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi fúnra mi ṣe débẹ̀. Bàbá mi jẹ́ àáfà. Orí awọ àgbò ni ó ń jókòó sí láti ìdájí títí a ó fi kí ìrun Iṣáì. Bí ó bá dìde níbẹ̀, ìkómọ ni ó ń lọ, bí kò bá jẹ́ ìkómọ, nikáì ni, bí kò bá jẹ́ nikáì, fìdáù ni. Kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tí wọn kì í ti í gbé àmàlà àti ẹran ọlọ́ràá síwájú rẹ̀. Ní ọdún 2018, níbi tí ó ti ń ṣe alùwàlá ìrun Àṣùbáà, apá rẹ̀ ọ̀tún kọṣẹ́, bútà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò mọ̀ pé òun ní ni ó di rọpárọsẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ó padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá rẹ̀, kò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Kí Ọlọ́hun forí jìn ín.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, nọ́ọ̀sì kan fi ẹ̀rọ di apá èmi náà, ó wò ó, kò sọ nǹkan kan, ó tún un dì. Ó ní 154 lórí 96. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Ojú mi kò kúrò lára bútà tó bọ́ sílẹ̀ yẹn títí mo fi délé. Dókítà fún mi ní oògùn, ó sì ní kí n máa rìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́yìn ìrun Àṣùbáà. Nígbà tó ṣe, ìrìn di sísá. Àwọn aládùúgbò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n ní, "Àáfà, a kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún o, bí ẹ kò bá lé nǹkan, ǹjẹ́ nǹkan ń lé yín." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ikú tó mú bàbá mi ló ń lé mi.

Ṣé ẹ̀sìn wa kọ eré sísá? Rárá o. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé Mùmínì tó lágbára dára ju Mùmínì tó lẹ lọ, Ọlọ́hun sì fẹ́ràn rẹ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oore wà lára àwọn méjèèjì. Inú Sahíhù Muslim ni hádíìsì náà wà. Òtítọ́ ni pé agbára ìgbàgbọ́ ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ fi túmọ̀ rẹ̀, n kò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi hádíìsì yẹn ṣe àkọlé ilé ìgbé-irin. Ṣùgbọ́n ara ni ó ń ru ìgbàgbọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ànábì fúnra rẹ̀ bá ìyá wa Àíṣà sáré ìje nígbà tí wọ́n wà lórí ìrìn-àjò. Àíṣà yára jù ú lọ. Nígbà tí ó ṣe, tí Àíṣà ti sanra díẹ̀, wọ́n tún un sá, Ànábì sì gba ipò iwájú, ó wá fi ṣe àwàdà fún un pé èyí ló san ti ọjọ́ sí. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti dùn tó: òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, tọkọtaya, lójú ọ̀nà, wọ́n ń sáré. Ọ̀pọ̀ nínú àwa àáfà òde òní kò lè bá ìyàwó wa rìn dé ẹnu ọ̀nà láìjẹ́ pé a wo ọ̀tún wo òsì.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ lónìí ni Salamah ọmọ Al-Akwaʿ. Sàhábà ni, ẹlẹ́sẹ̀ ẹhànnà ni. Ní ọjọ́ Dhū Qarad, àwọn jàǹdùkú láti ẹ̀yà Gatafáànù wá kó ràkúnmí Ànábì lọ níbi tí wọ́n ti ń jẹko. Salamah ni ó kọ́kọ́ gbọ́. Kò gun ẹṣin. Ó gun ibi gíga kan, ó ké gbàjarè sí ìhà Mẹ̀dínà, lẹ́yìn náà ó fi ẹsẹ̀ lé wọn, ó ń ta wọ́n lọ́fà bí ó ti ń sáré. Àwọn ẹlẹ́ṣin ni ó ń fi ẹsẹ̀ lé! Ó lé wọn títí tí ó fi gba gbogbo ràkúnmí náà padà, tí àwọn fúnra wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju aṣọ àti ọ̀kọ̀ sílẹ̀ kí ẹrù wọn lè fúyẹ́. Ó lé ní ọgbọ̀n aṣọ àti ọgbọ̀n ọ̀kọ̀ tí ó kó. Nígbà tí Ànábì dé, ó yìn ín pé òun ló ta yọ jù nínú àwọn ẹlẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìtàn náà kò tán síbẹ̀, ibi tó kù yìí gan-an ni ó kan ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sáré. Bí wọ́n ti ń padà bọ̀, ọkùnrin Ansáárì kan wà láàrin wọn tí ẹnikẹ́ni kò sá eré fún rí. Ó ń kéde kiri pé ta ni yóò bá òun sá a dé Mẹ̀dínà. Salamah tọrọ àyè lọ́wọ́ Ànábì, ó bọ́ sílẹ̀ lórí ràkúnmí, ó sì bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ròyìn bí òun ṣe sá a: ó ní òun kọ́kọ́ dá ara òun dúró lórí òkè kan tàbí méjì, òun ń fi èémí òun pamọ́. Lẹ́yìn náà ni ó wá tú ara rẹ̀ sílẹ̀, ó bá ọkùnrin náà, ó fọwọ́ gbá a láàrin èjìká, ó ní mo ti já ọ sílẹ̀, ó sì ṣáájú rẹ̀ dé Mẹ̀dínà. Ọ̀dọ̀ Imáàmù Muslim náà ni ìtàn yìí wà. Ẹni tí ó ti lé ẹlẹ́ṣin, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó lè sáré, ó sì dá ara rẹ̀ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀.

Èmi ti ka hádíìsì yìí ní ilé-kéwú kí n tó ní irùngbọ̀n. Mo tún kà á ní yunifásítì. N kò gbọ́ ọ títí di oṣù kejì ọdún 2023.

Ẹ̀yin tí kò mọ̀ ọ́n, kìlómítà 42 àti mítà 195 ni márátọ́ọ̀nù. Níbi Òlíḿpíìkì Lọ́ńdọ̀nù ní 1908 ni wọ́n ti kọ́kọ́ sá ìwọ̀n yìí gan-an, 1921 ni wọ́n sì fi òfin gbé e kalẹ̀. Ti Èkó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2016. Iwájú pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè ni wọ́n ti ń gbéra, wọ́n ń gba orí afárá Third Mainland, èyí tí gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 11, wọ́n ń gba afárá tó so Ìkòyí mọ́ Lẹ́kí, wọ́n sì ń parí rẹ̀ ní Eko Atlantic. (Àwa tí a kọ́ èdè Lárúbáwá mọ̀ pé láti ara "sábúrù" ni "sùúrù" wa ti wá. Àfi bí ẹni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lọ fa ìlà ìbẹ̀rẹ̀ eré gígùn sí àdúgbò tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.) Bí wọ́n ti yìnbọn, àwọn ọ̀dọ́ tó yí mi ká fò síwájú bí àgbọ̀nrín. Èmi náà fò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni mo fi múra, ṣùgbọ́n ara mi yá gágá, mo ń ṣe kábárà, mo ń kọjá àwọn ènìyàn, inú mi ń dùn pé mò ń kọjá wọn. Orí afárá yẹn ni orúnkún òsì mi ti sọ pé òun kò lọ mọ́. Mo jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, mò ń wo ọ̀sà, àwọn tí mo ti kọjá sì ń kọjá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ìyá àgbà wà nínú wọn. Ọkọ̀ ni ó gbé mi dé òpin.

Nítorí náà, ohun tí n óò sọ nísinsìnyí, ẹni tí ó ti jìyà rẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Ẹ rántí ọ̀nà tí a gbà há Àlùkùránì sórí. Ọgọ́ta hìsíbù ni. Ta ni ó há wọn ní oṣù méjì? Orí wàláà ni a ti kọ ọ́, ìlà mẹ́ta, ìlà márùn-ún. Àáfà kò ní jẹ́ kí o fọ wàláà àfi bí o bá kà á fún un láìṣì. Ara ènìyàn náà ní wàláà tirẹ̀. Èémí máa ń tètè dára, láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wàá rí i pé o kò mí hẹlẹhẹlẹ mọ́. Ṣùgbọ́n iṣan tó so mọ́ egungun, àti egungun fúnra rẹ̀, wọn kì í yára. Oṣù púpọ̀ ni wọ́n fi ń le. Ibi tí a ti ń ṣe ara wa léṣe nìyí: èémí ti sọ pé ó yá, orúnkún kò tíì gbọ́.

Ẹni tí kò sáré rí, kí ó fún ara rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún kan, kí ó sì kọ́kọ́ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Bí ó bá ní àrùn ọkàn tàbí ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tí àyà ń dùn ún, kí ó gbọ́ ti dókítà ná. Ìbẹ̀rẹ̀ kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ lọ: sáré ìṣẹ́jú kan, rin ìṣẹ́jú méjì, títí yóò fi pé ìdajì wákàtí. Bí ọ̀sẹ̀ bá ń gorí ọ̀sẹ̀, sísá á máa gùn sí i, rírìn á máa dín kù. Ẹni tí ó bá ti lè sá kìlómítà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá láìdúró ni ó lè sọ pé òun fẹ́ múra márátọ́ọ̀nù, ọ̀sẹ̀ 16 sí 20 sì ni ìmúrasílẹ̀ náà gbà. Lójú tèmi, kí ó tilẹ̀ kọ́kọ́ sá ti kìlómítà mẹ́wàá tí wọ́n máa ń sá lọ́jọ́ kan náà ní Èkó. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Nínú ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ kan ni ti eré gígùn. Fún wa, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Kìlómítà mẹ́wàá lọ́sẹ̀ yìí, méjìlá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mẹ́rìnlá, lẹ́yìn náà a ó padà sí mẹ́wàá kí ara lè sinmi, kí a tó tún máa gùn ún. Ìpadà yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbọ́. Ṣé ẹni tó ń há Àlùkùránì kì í ṣe mùrájáà ni? Díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wàá dé kìlómítà 28 tàbí 30, nígbà tí ó bá ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọjọ́ náà. Láti ibẹ̀ lọ, ṣe ni kí o máa dín in kù. Ẹni tí ó bá fi ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn sá kìlómítà 35 láti mọ̀ bóyá òun lè sá a, ó ti ná owó ọjà rẹ̀ tán kó tó dé ọjà. Ní àwọn ọjọ́ tó kù láàrin ọ̀sẹ̀, eré kúkúrú méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Bí ilé rẹ bá sún mọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bí àwa ará Ìbàdàn tí a ní òkè Mápó, fi ọjọ́ kan gun òkè.

Báwo ni o ṣe máa mọ̀ pé o kò sáré jù? Bí o bá lè máa bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ sọ̀rọ̀ tó já gaara, ìwọ̀n rẹ nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ní òun ń fi Súrátù Fátíà wọ̀n ọ́n. Mo ní kí ó jáwọ́, ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun kì í ṣe ẹ̀rọ ìwọ̀n èémí. Kí ó máa ṣe tàsíbíhù, tàbí kí ó máa sọ ìtàn fún ẹnìkejì rẹ̀. Ìwọ̀n ìrọ̀rùn yìí ni kí púpọ̀ jù lọ nínú eré rẹ jẹ́. Kelvin Kiptum ará Kẹ́ńyà, tó sá márátọ́ọ̀nù Chicago ní ọdún 2023 ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú-àáyá 35, kò lo ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí kìlómítà kan; iṣẹ́ tí ó yàn nìyẹn kí ó tó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní 2024. Ìwọ tí o ní kíláàsì láti kọ́ tàbí ìsọ̀ láti ṣí, bí o bá lo ìṣẹ́jú méje ààbọ̀ lórí kìlómítà kan, wàá parí rẹ̀ ní wákàtí márùn-ún àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 16. Ọ̀nà kan náà ni ẹ sá.

Ọ̀rọ̀ ìsinmi tún kù. Ẹ̀yin mọ ìtàn Abdullah ọmọ Amr, tí ó ń gba àwẹ̀ lójoojúmọ́, tí ó ń dìde kírun ní gbogbo òru. Ànábì pè é, ó sọ fún un pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ìyàwó rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́. Ó bẹ Ànábì pé òun lágbára ju ìyẹn lọ. Nígbà tí ó darúgbó ni ó wá ń wí pé ì bá ṣe pé òun ti gba ìrọ̀rùn tí Ànábì nawọ́ rẹ̀ sí òun. Bí ó bá jẹ́ pé ìjọ́sìn gan-an ni Ànábì fi ìwọ̀n sí, kí ni ká wá sọ nípa eré sísá? Ẹni tí oorun kò tó, kí ó fi eré ọjọ́ náà sílẹ̀. Ẹni tí egungun ojúgun bá ń dùn ní ojú kan ṣoṣo, tí ó ń le sí i bí ó ti ń sáré, kí ó dúró, kì í ṣe pé kí ó gbé oògùn apanilára-dídùn mì kó lè máa lọ. Oògùn bẹ́ẹ̀ nígbà tí omi ti dín lára lè pa kíndìnrín lára.

Ṣùgbọ́n ìsinmi yàtọ̀ sí ọ̀lẹ. Ìṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù, gẹ́gẹ́ bí ìyá wa Àíṣà ti gbà á wá, ni èyí tí a ń ṣe léraléra bí ó tilẹ̀ kéré. Mo ti rí ẹni tí ó ra bàtà olówó iyebíye, tí ó ya fọ́tò rẹ̀, tí kò tún wọ̀ ọ́ mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì. Bàtà òkìrìkà tó bá ẹsẹ̀ mu, tí ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ, ti tó. Kìkì pé kí o má ṣe gbé bàtà tuntun wọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ eré gan-an.

Ẹ̀yin arábìnrin wa ń bi mí bóyá tiwọn ń kọ́. Mo ti sọ ti ìyá wa Àíṣà. Ẹ tún wo Sifan Hassan, ọmọ ilẹ̀ Etiópíà tó ń sáré fún Netherlands. Márátọ́ọ̀nù Lọ́ńdọ̀nù tí ó kọ́kọ́ sá, ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìtúnu àwẹ̀ ni. Ìbàdí rẹ̀ ń ro ó, ó dúró lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà láti na ara, àwọn yòókù lọ, ọ̀pọ̀ rò pé ó ti tán fún un. Kò kánjú. Ó ń fà wọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí ó fi bá wọn, ó sì gba ipò kìíní. Ní Páríìsì ní ọdún 2024, ó gba idẹ nínú mítà 5,000 àti 10,000, lẹ́yìn náà ó gba góòlù márátọ́ọ̀nù. Híjáàbù ni ó wọ̀ lórí pèpéle tí wọ́n ti fi góòlù náà sí i lọ́rùn. N kò sọ pé kí ẹ fi í ṣe àwòkọ́ṣe nínú gbogbo aṣọ rẹ̀. Aṣọ tí ó fẹ̀, tí ó fúyẹ́, tó bo ara, ń bẹ lọ́jà, àwọn arábìnrin wa sì ti ń sá tiwọn nínú ọgbà ilé-ìwé kan tó ní odi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àwa ọkùnrin náà, kí ṣòkòtò wa bo orúnkún.

Ti àwẹ̀ ń kọ́? Ràmàdáánì ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún. Ní 2025, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ni a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 2027, ìṣirò fi í sí nǹkan bí ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì. Ẹ rí i pé ó ti ń wọnú ìgbà tí wọ́n máa ń sá ti Èkó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ti gbà á lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ mi: eré ìdárayá kì í ṣe àwáwí tí onílé ara líle fi ń jẹ àwẹ̀. Bí ọjọ́ eré bá bọ́ sínú àwẹ̀, má lọ. Ọdún mìíràn ń bọ̀, In ṣáà Allah. Bí ìmúrasílẹ̀ nìkan ni ó bọ́ sínú rẹ̀, sá eré kúkúrú nígbà tí ó bá ku ìdajì wákàtí sí ìṣínu, tàbí lẹ́yìn àṣámù, kí o sì gbé eré gígùn sílẹ̀ títí àwẹ̀ yóò fi tán. Má fi sààrì ṣeré.

Oúnjẹ kò le. Agbára tí iṣan ń lò nínú eré gígùn, ara àmàlà, iyán, ìrẹsì àti iṣu ni ó ti ń wá, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ara lè kó pa mọ́. Nígbà tó bá tó nǹkan bí kìlómítà 30, ó lè tán, ẹsẹ̀ á wá dà bí igi. Nítorí náà, má dúró di ìgbà náà. Mo máa ń kó dàbínù sínú àpò, mo ń jẹ ẹyọ kan tàbí méjì láti wákàtí àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ náà dára. Dán an wò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ṣáájú, má ṣe jẹ́ kí inú rẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lórí afárá. Omi, mu ún bí òùngbẹ bá ti ń gbẹ ọ́. Àmujù náà léwu, ó máa ń sọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ di ṣákálá, ènìyàn sì ti kú nípa rẹ̀. Bí ooru bá mú ọ tí orí ń yí, tí o kò mọ ohun tí ò ń sọ mọ́, eré tán lọ́jọ́ náà. Súrátù Bàkárà, aaya 195, kọ̀ fún wa láti fi ọwọ́ ara wa fa ìparun.

Ti tẹ́tẹ́ tí àwọn kan ń ta lórí ẹni tí yóò gba ipò kìíní, kò gba àlàyé púpọ̀: hàráámù ni.

Ní oṣù kejì ọdún 2025, mo padà sí Sùúrùlérè. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi múra. A kí ìrun Àṣùbáà ní jàmáà, mo ṣe àníyàn pé ara tí Ọlọ́hun yá mi ni mò ń tọ́jú, mo lọ dúró sí ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n yìnbọn, àwọn ọ̀dọ́ fò. Mo fi èémí mi pamọ́. Gbogbo ènìyàn ń kọjá mi, ọkùnrin kan tí ó gbé ìlù tilẹ̀ kọjá mi. Nígbà tí mo dé ibi tí orúnkún mi ti dá mi dúró lọ́jọ́sí, mo wo ọ̀sà, mo rántí bútà bàbá mi, mo jẹ dàbínù kan. Ẹ̀yìn kìlómítà 32 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó fò. Wọ́n ń rìn, àwọn kan jókòó. Mo na dàbínù sí ọ̀kan nínú wọn, ó gbà á, a jọ lọ díẹ̀.

Wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 22 ni mo fi parí rẹ̀. Nígbà tí àkókò ìrun Àyìlá tó, mo rí omi ṣe alùwàlá, ṣùgbọ́n nígbà tí ó tó àkókò láti tẹ̀ba, ẹsẹ̀ mi kọ̀ jálẹ̀, n kò lè lọ sílẹ̀, bí mo bá sì lọ sílẹ̀ n kò ní lè dìde. Orí àga ni mo ti kí i, bí arúgbó. Ọmọdé kan tó ń ta omi dúró ń wò mí, ó ní, "Àáfà, ẹ pẹ̀lẹ́ o."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, nọ́ọ̀sì di apá mi. 126 lórí 82. Oògùn kan ṣoṣo ni mo ṣì ń lò, dókítà sì ni yóò sọ ìgbà tí n óò fi í sílẹ̀, kì í ṣe èmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àṣùbáà, iwájú mọ́ṣáláṣí wa ni a ti máa gbéra. Kìlómítà mẹ́jọ ni. Ẹni tí kò tíì sáré rí lè bá wa rìn ín. Èmi fúnra mi ni n óò wà lẹ́yìn pátápátá. Kí olúkúlùkù mú omi rẹ̀ lọ́wọ́.

Wàsàlámù àlékùm.